Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run àti Ìbẹ̀rù Ọ̀la: Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti Ìjẹ̀bú-Òde, 1918 sí 1943

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Nínú òwe yìí, àìmọ ọ̀la kì í ṣe ohun ìtìjú. Ipò ọmọ aráyé ni, ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn: kí ó lọ ṣe ìbéèrè, kí ó rúbọ, kí ó tún padà wá lọ́jọ́ karùn-ún. Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ọgbọ́n yìí bá di onígbàgbọ́, tí wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dífá mọ́? Ìdáhùn tí àwọn ìwé ìtàn ìjọ sábà máa ń fún wa ni pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó yá jù. Ó kàn fún ohun tí ó yẹ kí a ṣàlàyé ní orúkọ ni.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ bí àwùjọ kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe kọ́ láti gbẹ́kẹ̀ lé ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run wò, láti ọdún 1918 tí àrùn influẹ́ńsà jà títí di 1943 tí ìjọ tí ó ti ara wọn jáde gba ìwé àṣẹ ìjọba. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "kọ́". Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá ní odidi, tí kò sì yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n fi ojú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ wò ó, máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àrùn, owó orí àti ìnira ìjọba amúnisìn ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán. Lójú tèmi, ìran méjèèjì kò wo ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Iṣẹ́ wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ, nínú àríyànjiyàn tí wọ́n bá bíṣọ́ọ̀bù ṣe, nínú iṣẹ́ oṣù tí wọ́n fi sílẹ̀, àti nínú ohun tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn pàdánù.

Ọdún 1918

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí irú ọdún tí 1918 jẹ́. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jà. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ó bá Ìjẹ̀bú pààlà, owó orí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ láàrin ọdún náà. Àwọn ará oko hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì fi ìbọn dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ tí ìyẹn rọlẹ̀ ni ọkọ̀ òkun gbé influẹ́ńsà dé Èkó, ní oṣù Kẹsàn-án. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ibi ìpéjọpọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọlé wò láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀rù mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà dání lọ sí ibi tí wọ́n sá lọ. Ó bá rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ó bá ọ̀nà ọ̀sà àti ọ̀nà ọjà dé Ìjẹ̀bú. Iye ènìyàn tí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé ó bá a lọ ní gbogbo Nàìjíríà sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù, láàrin oṣù díẹ̀ péré. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló mú. Àwọn géńdé àti abiyamọ, àwọn tí ilé gbára lé, wà lára àwọn tí ó pa jù.

Dókítà kò ní oògùn rẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa ń sọ ìtàn àwọn Aládùúrà bí ẹni pé wọ́n rí oògùn tó dájú lórí tábìlì, wọ́n sì kọ̀ ọ́ nítorí àdúrà. Ní 1918, kò sí oògùn tó dájú tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀. Àwọn dókítà kò pọ̀, ogun sì ti kó nínú wọn lọ. Ohun tí àwọn tó kù lè ṣe ni kí wọ́n ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí a ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ènìyàn má péjọ. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò rí ewé tó kápá rẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba tún ti ilé ìjọsìn ní Èkó àti Ògùn, yóò mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ń bọ́ sórí ìlú nígbà tí àwọn tí a máa ń bi léèrè kò bá ní èsì.

Ìgbàgbọ́ ní Ìjẹ̀bú nígbà náà kò tíì pẹ́. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí Ìjẹ̀bú, ni ẹ̀sìn ọmọlẹ́yìn Krístì àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbilẹ̀ kíákíá. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ní 1918 ti bá ilé baba rẹ̀ nínú ìṣe àtijọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí àrùn bá wọ ìlú. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè, ó mọ ohun tí wọ́n ń gbé lọ sí oríta. Òun náà ló wá di ọmọ ìjọ tí àlùfáà ń kà nínú ìwé. Àrùn dé bá a láàrin ilé méjì.

Nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí ìjọ ń sọ ni pé bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, olùtọ́jú ilé ìjọ náà, lá àlá pé ìjọ pín sí méjì: apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń gbàdúrà, apá ńlá wà nínú òkùnkùn nítorí pé kò gbàdúrà. J. B. Ṣádárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, tí a wá mọ̀ sí Ẹ̀sìnsìnadé lẹ́yìn náà, kó àwọn díẹ̀ jọ fún àdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlàmí, darapọ̀ mọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàìsàn influẹ́ńsà. Nígbà tí ó dìde, ó ń wàásù pé Ẹ̀mí ti rán òun, pé kí àwọn aláìsàn pa oògùn tì, kí wọ́n sì lo omi òjò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn.

Omi òjò yìí tọ́ kí a dúró lé lórí. Àwọn tó ń ṣẹ̀fẹ̀ rí i bí àgbo mìíràn tí wọ́n kàn fi orúkọ Jésù bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ohun tí ó jẹ́. Kò sí oníṣègùn tó ni òjò. A kì í dá owó lé e, a kì í gba àṣẹ ẹnikẹ́ni kí a tó gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó ń rọ̀ sórí òrùlé páànù àti sórí òrùlé ewé bákan náà. Nínú ìlú tí gbogbo ìrànlọ́wọ́ ti ń gba ọwọ́ ẹnìkan kọjá, yálà babaláwo, dókítà ìjọba tàbí àlùfáà, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí tọ́ka sí ìrànlọ́wọ́ kan tí kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Bóyá ẹ̀kọ́ ìsìn tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ìtàn náà nìyí, a kò sì rí i kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà ìjọ kankan.

Àrùn náà rọlẹ̀ bí ọdún ti ń lọ sópin, ogun Yúróòpù náà sì parí ní oṣù Kọkànlá. Àwọn tó yè jẹ́rìí. Níhìn-ín ni òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹni tó gbàdúrà tó sì yè ló ń dìde ní ìpàdé ẹ̀rí. Ẹni tó gbàdúrà bẹ́ẹ̀ tó sì kú kò lè dìde, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í sì í sábà dìde fún un. Gbogbo ìwé tí a fi ń kọ ìtàn ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ àwọn tó ṣẹ́kù ló ti wá. Èmi kò sọ èyí láti tako ẹ̀rí wọn. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn mọ̀ pé àwọn kan kú. Ìlú kékeré ni. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ẹkún aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò tú ká nígbà tí àrùn lọ. Ẹni tó wá nítorí ìbẹ̀rù nìkan ni ì bá padà sílé ní 1919.

Ìlérí láìsí ìran

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ síwájú ya ni lẹ́nu. Nípasẹ̀ D. O. Odùbánjọ, tí ó wà ní Èkó, wọ́n bá ìjọ kan pàdé nínú ìwé: Faith Tabernacle ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ìjọ yìí ń tẹ ìwé ìròyìn jáde, ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ó kọ́ni pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn láìlo oògùn kankan, àti pé kò tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè gbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí míṣọ́nnárì kan láti Philadelphia tó wá sí Nàìjíríà. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni gbogbo rẹ̀. Fún ìwọ̀n ọdún díẹ̀, àwùjọ àwọn ọmọ Yorùbá kan gba ẹ̀kọ́ ìsìn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé Faith Tabernacle kò fi ojú rere wo àlá àti ìran. Bí ẹ̀kọ́ Philadelphia ti ń fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ́ẹ̀ ni àyè fún irú ohùn tí Sophia Ọdúnlàmí gbọ́ ń dín kù. Mo kà á sí àdánù, pàápàá nítorí pé obìnrin tó fọhùn ní ọjọ́ tí ọkùnrin kò rí ohun sọ ni wọ́n fi sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí èyí fi ẹgbẹ́ náà sí. Wọ́n ti kọ Ifá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gba ìrìbọmi. Wọ́n ti kọ oògùn sílẹ̀, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Nísinsìnyí wọ́n tún jọ̀wọ́ ìran pẹ̀lú, èyí tí ì bá sọ ọ̀la fún wọn díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ifá ti ń ṣe. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wọn ni ìlérí nínú ìwé.

Èdè Yorùbá ni ìwé náà sì wà. Láti 1884 ni Bíbélì Yorùbá ti pé láti ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà lè kà á fúnra rẹ̀ ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ tí ó gbà pé ó sọ̀rọ̀ nípa adúróṣinṣin tàbí nípa aláìsàn. Ìjọ Áńgílíkà ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones, bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti àgbègbè ìjọ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1919, dá sí ọ̀ràn náà, ìwé kan náà ni òun àti wọn ń kà. Bíṣọ́ọ̀bù kò tako àdúrà. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìjọ rẹ̀ gbà ni pé oògùn náà jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, pé ọmọ ọwọ́ sì ní ẹ̀tọ́ sí ìrìbọmi. Lórí ìrìbọmi ọmọdé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Ní 1922 wọ́n jáde kúrò ní St. Saviour's.

A lè ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kọjá láìmọ ohun tí ó ná wọn. Ṣádárè fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní láti yọ àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí ló máa ń dá mi dúró. Ní Ìjẹ̀bú nígbà náà, ọwọ́ àwọn ìjọ ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó bá ká ìwé mẹ́fà ló lè di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ òyìnbó, tàbí olùkọ́, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀ nítorí ọ̀dá tàbí nítorí iye tí wọ́n ń ra ekuro. Bí bàbá kan ní 1922 bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀la, ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀la tirẹ̀ nìkan ni ó gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà tí ó jáde. Ó gbé ti ọmọ rẹ̀ tí kò bi léèrè. Ẹni tó bá sọ pé ìgbàgbọ́ wọn jẹ́ ọ̀nà láti sá fún ìnira, kí ó ṣàlàyé èyí fún mi. Ìnira ni wọ́n lọ fi ọwọ́ ara wọn gbà.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìdà kejì rẹ̀. Ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀rí ọkàn bàbá rẹ̀ lè má rí i bí ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìjọ tí ó ti ibẹ̀ jáde tó dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Pé ó dá wọn sílẹ̀ fi hàn pé àwọn olórí mọ ohun tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ san.

Ìdánwò kò sì dáwọ́ dúró. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Láàrin ọdún mẹ́wàá náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ Philadelphia lórí olórí wọn, okùn tó so wọ́n pọ̀ sì já. Ẹ wò ó: àwọn tí wọ́n ti fi ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nítorí lẹ́tà láti Amẹ́ríkà kò tún ní ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí wọn. Wọn kò padà. Ní àkókò yìí kan náà ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé darapọ̀ mọ́ wọn ní Ìbàdàn. Òun náà kọ́ ni ẹni tí a lè pè ní aláìmọ̀kan; òun ló kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn, Ìwó, Ìkìrun àti Òṣogbo tí ó jáde ní 1911, tí àwa tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ yìí ṣì ń tọ́ka sí.

Òkè Oòyè

Ìran padà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò retí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní 1904 ní Òdò-Ọwá nítòsí Ìlọfà, ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P.W.D. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dúró, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn kan sì ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí owó oṣù ìjọba jẹ́ ní 1928 yóò mọ̀ pé àwọn ará ilé rẹ̀ kò lè dunnú.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle péjọ ní Iléṣà láti yanjú aáwọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Àríyànjiyàn ni wọ́n wá ṣe. Ìsọjí ni wọ́n bá pàdé. Ní Òkè Oòyè, ìròyìn jáde pé Babalọlá ti gbàdúrà fún ọmọ kan tó kú, ó sì jí. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ́ wá láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i, wọ́n ń kó òrìṣà àti oògùn jáde kí a dáná sun wọ́n. Iye tí wọ́n ń ra kòkó ti já wálẹ̀ ní ọdún náà, ìjọba sì ṣì ń gba owó orí. A ti kọ nípa ìsọjí yìí púpọ̀ níbòmíràn. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé omi tún padà wá. Ohun tí Ọdúnlàmí sọ nípa òjò ní 1918, tí ẹ̀kọ́ Philadelphia ti fẹ́ pa mọ́lẹ̀, ni odò àti kànga tún ń sọ lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Ìjọba kò fẹ́ràn irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú àwọn kan. Babalọlá fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Ní àárín ìdààmú yìí ni àwọn olórí, pẹ̀lú Odùbánjọ níwájú, kọ̀wé sí Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé iṣẹ́ míṣọ́nnárì rẹ̀ wà ní Bradford. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931, D. P. Williams, arákùnrin rẹ̀ W. J. Williams, àti Andrew Turnbull gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n fi òróró yan àwọn ọmọ Nàìjíríà méje gẹ́gẹ́ bí pásítọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé láàrin wọn.

Ṣé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan ni ó tún yẹ kí ó máa wá òyìnbó tí yóò fi ṣe ààbò lọ́dọ̀ ìjọba òyìnbó? Ìbéèrè yìí máa ń dun àwọn olùfẹ́ ìjọ náà, àwọn alátakò sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé èdè wa fún wa ní ìdáhùn tí ó dára ju ti apá méjèèjì lọ. Ìrànlọ́wọ́ ni ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọwọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a ó ràn lọ́wọ́ ti ní ọwọ́ tí ó ti ń ṣe nǹkan kan kí olùrànlọ́wọ́ tó dé. A kì í ran ẹni tó káwọ́ lẹ́rán lọ́wọ́. A lè bá a ṣe é, a lè gbà á là, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí Ṣádárè gbé ìkòkò sábẹ́ òjò, tí Odùbánjọ mú kálàmù láti kọ̀wé sí Philadelphia, lẹ́yìn náà sí Bradford, ọwọ́ wọn ni wọ́n ń nà. Ohun tí wọn kò gbà ni pé àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkan lè rọ́pò ti Ọlọ́run. Ààlà yìí tín-ín-rín, wọ́n sì ṣèèṣì kọjá rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Wọ́n fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n lórí ọ̀rọ̀ kuiníìnì. Àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lo kuiníìnì kí ibà má bàa mú wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà rí i, wọ́n sì béèrè ìdí. Òyìnbó ní ilẹ̀ yìí kò bá àwọn lára mu bí ó ti bá onílé mu, pé kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn dènà àìsàn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní bí ẹ bá ń wàásù ìwòsàn láìlo oògùn, ẹ fi ara yín ṣe àpẹẹrẹ. Fún àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni míṣọ́nnárì ti ń sọ fún Yorùbá pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì kún. Ní ọjọ́ yìí, Yorùbá ló ń sọ ọ́ fún míṣọ́nnárì.

Mo ní ìyọ́nú sí apá méjèèjì. Ibojì àwọn míṣọ́nnárì tí ibà pa ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ṣe é kà tán, ọkùnrin tó gbé kuiníìnì mì ní alẹ́ nítorí ìyẹn kò di aláìgbàgbọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó ń béèrè ìdí yìí ni àwọn tí wọ́n ti yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1922 nítorí ẹ̀kọ́ kan náà. Wọ́n ti san owó rẹ̀. Kò lè rọrùn fún wọn láti gbọ́ lẹ́nu àlejò pé ẹ̀dínwó wà. Láti nǹkan bí 1939 ni ìyapa náà ti ń fẹ̀. Àwọn kan dúró ti Apostolic Church, àwọn mìíràn jáde pẹ̀lú Odùbánjọ, Babalọlá àti Akínyẹlé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lo orúkọ mìíràn, wọ́n gba ìwé àṣẹ ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church, Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì.

Akínyẹlé ni ààrẹ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, kò kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní 1952. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan wà nínú ìjọ tí ó ń kọ́ ilé ìwòsàn, èkejì jẹ́ olórí ìjọ tí kò fẹ́ oògùn. Isaac jẹ Olúbàdàn ní 1955, ó sì wàjà ní 1964, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù, tí a bí ní 1875, sin àbúrò rẹ̀, ó sì tún lo ọdún mẹ́rin sí i láyé.